Títú Àdììtú Ọ̀rọ̀: Ìdí tí Ìdáhùn Nìkan Kò Fi Tó Nínú Àlọ́ Àpamọ̀

Àlọ́ àpamọ̀ wà lára àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá tí ó kúrú jù lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a pa á fún lè jókòó tì í títí tí òṣùpá yóò fi wọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1984, Ọlátúndé Ọlátúnjí ka àlọ́ àpamọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà tí ó ní àbùdá tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀ àti òwe. Orúkọ náà pàápàá ti sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà yìí ń ṣe. Èyí tí a pa kí a lè mọ̀ ọ́n ni àpamọ̀, gẹ́gẹ́ bí àpagbè ti jẹ́ èyí tí a pa tí a sì ń gbè.

Bí a ti ń kọ́ àlọ́ àpamọ̀ ní ọ̀pọ̀ kíláàsì lónìí, ìlà méjì ni a máa ń fà sójú pátákó: ìbéèrè ní apá kan, ìdáhùn ní apá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sórí pé òjò ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, pé ẹ̀wà ni òrúkú. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti tú àlọ́ tí kò tíì gbọ́ rí. Ohun tí àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ni gan-an ni ọ̀nà tí a gbà dé ibi ìdáhùn, àti ẹ̀rí tí ó fi hàn pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a dé. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ọ̀nà náà. Yóò fi í wé kírọ́sìwọ́ọ̀dù aládììtú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì fi hàn pé èdè Yorùbá lè ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ìhun àlọ́ àpamọ̀

Ní 1949, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọnà èdè inú àlọ́ àpamọ̀ Yorùbá. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ta ko ara wọn, tàbí tí wọn kò lè ṣẹlẹ̀ pọ̀, ni apàlọ́ sábà máa ń gbé kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àlọ́ ni ìtakora yìí. Ẹ wo èyí:

Kí ní ń bá ọba jẹun tí kì í palẹ̀ mọ́?

Ní àwùjọ Yorùbá, ẹni tí ó bá ọba jẹun ti gba ọlá ńlá. Ẹni tí ó kéré jù nídìí oúnjẹ ni ó sì ń palẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè kéré sí ọba nídìí àwo kan náà tí yóò dìde lọ láìfọwọ́ kan abọ́. Níwọ̀n ìgbà tí àṣà kò ti gba ènìyàn láàyè láti hu irú ìwà yìí, ẹni tí ń jẹun náà kì í ṣe ènìyàn. Nígbà tí a bá ti mú ènìyàn kúrò, ohun tí ó ń bà lé oúnjẹ ọba àti ti tálákà láìgba àṣẹ ni ó kù. Eṣinṣin ni.

Irú ìhun kan náà ni ó wà nínú èyí: Kí ní ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba? Àgbàrá òjò ni. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí a gbà tú ti àkọ́kọ́ kò ní pẹ́ kí ó tó tú èkejì, nítorí pé àṣà ìbọ̀wọ̀fọ́ba ni a fi dẹ pàkúté méjèèjì. Ẹni tí ó kàn há ‘eṣinṣin’ sórí yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú àlọ́ mìíràn, ìtakora náà kò sí nínú àṣà. Inú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó wà:

Ó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ó kọjú sí Ọ̀yọ́. Ó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, ó kọjú sí Ọ̀yọ́.

Ẹni tí ó ń bọ̀ láti ìlú kan ní láti kẹ́yìn sí ìlú náà. Bí a bá dúró lórí ojú tí ó wà ní orí ènìyàn, àlọ́ yìí kò ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ‘ojú’ ni a tún ń pe awọ tí a ń lù lára ìlù. Gángan ní ojú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nítorí náà ibi yòówù tí onílù ìbáà máa lọ, ojú kan yóò kọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘ojú’, ni ilẹ̀kùn àlọ́ náà ń yí lórí rẹ̀. Àwọn orúkọ ẹ̀yà ara kún fún irú àǹfààní báyìí: ẹnu ọ̀nà, etí odò, orí òkè, ẹsẹ̀ ìwé. Ibi tí a bá ti bá wọn pàdé nínú àlọ́ ni kí a ti fura.

Bákan náà ni ti àlọ́ tí ó sọ pé òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Omorogùn ni ìdáhùn rẹ̀, igi tí a fi ń ro ọkà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘hó’ ni ó gbé àlọ́ náà ró. Òkun a máa hó nítorí ìgbì. Omi orí iná a máa hó nítorí ooru. Apàlọ́ dárúkọ òkun kí a lè gbàgbé ìkòkò. Ọmọ burúkú sì ni ẹni tí ń ti orí bọ ibi tí ọmọ gidi ń sá fún. Síwájú sí i, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí ‘ọmọ’ létí, nítorí náà apàlọ́ ti fi díẹ̀ lára ìdáhùn sínú ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí ń ṣe ọ̀ṣọ́

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ inú àlọ́ ni ó ń tọ́ka sí ìdáhùn. Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ ni èyí:

Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.

Ẹni tí ó bá ń wá ìtumọ̀ ‘òrúkú’ nínú ìwé atúmọ̀ èdè yóò rẹ̀ lásán. Orúkọ tí a dá fún ohun tí a fi pa mọ́ ni. ‘Tindí tindí’ àti ‘tindì tindì’ sì ń ṣiṣẹ́ ìfohùngbóhùn: ohùn òkè kọ́kọ́ jáde, ohùn ìsàlẹ̀ sì tẹ̀ lé e láti gbè é lẹ́sẹ̀, kí àlọ́ lè dùn, kí ó sì rọrùn láti rántí. Ibi tí iṣẹ́ wà ni gbólóhùn méjì tí ó gbẹ̀yìn. ‘Igba’ níhìn-ín kì í ṣe iye tí a kà. Ọ̀pọ̀ tí a kò lè kà ni ó dúró fún. Tìróò sì ni ohun dúdú tí a ń lé sí ìpéǹpéjú. Kí ni ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní dúdú lójú? Ẹ̀wà ni, nítorí àmì dúdú tí ó wà ní ojú rẹ̀.

Àlọ́ yìí fi ewu kan hàn. Bí ọmọ kan kò bá mọ tìróò, kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà dé ìdí ẹ̀wà. Bí a bá sì kọ ‘ẹ̀wà’ sílẹ̀ láìṣàlàyé, ìran tí ó ń bọ̀ yóò ní ìdáhùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àlọ́ yóò ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ohun èlò tí àlọ́ dúró lé ni ó ti ń kúrò nílé: orógùn, igbá, owó ẹyọ, àtùpà. Àlàyé nìkan ni ó lè mú kí àlọ́ tí a fi wọ́n pa máa bá a lọ láti ní ìtumọ̀.

Àrokò: nígbà tí iye di ọ̀rọ̀

Fífi ìró ọ̀rọ̀ pa ìtumọ̀ mọ́ kò mọ sí inú àlọ́ nìkan. Ṣáájú kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀, àwọn Yorùbá a máa fi ohun àfojúrí ránṣẹ́ sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí àrokò. Lára àwọn tí a ṣe àkọsílẹ̀ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn ẹni fẹ́. Ẹni tí ó gbà á yóò kà á: ẹẹ́fà. Nínú ‘ẹẹ́fà’ ni yóò ti gbọ́ ‘fà’, yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí òun. Bí òun náà bá gbà, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn. Nínú ‘ẹẹ́jọ’ ni ‘jọ’ wà: èrò àwọn méjèèjì jọ.

Ohùn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yẹ fún àkíyèsí. ‘Fà’ inú ẹẹ́fà ní ohùn ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ‘fà’ tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. ‘Jọ’ inú ẹẹ́jọ ní ohùn àárín, gẹ́gẹ́ bí ‘jọ’ tí ó túmọ̀ sí bára mu. Ohùn kò yẹ̀ rárá. Ẹni tí ó dá àrokò yìí sílẹ̀ kò ṣe àbùjá. Ó fún olùgbà ní ọ̀rọ̀ tí ó pé pérépéré láti fi mọ̀.

Kírọ́sìwọ́ọ̀dù aládììtú

Ní 21 oṣù Ọ̀pẹ 1913, Arthur Wynne, ọmọ bíbí Liverpool, gbé eré kan jáde nínú ìwé ìròyìn New York World, níbi tí olùkàwé ti ń fi lẹ́tà kún àwọn ojú àpótí kéékèèké kí ọ̀rọ̀ lè jáde ní ìbú àti ní òòró. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí kírọ́sìwọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Nígbà tí eré náà dé Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1920, àwọn kan kò fẹ́ ìbéèrè tí ìwé atúmọ̀ èdè lè dáhùn tààrà. Láti 1926, Edward Powys Mathers, tí ó ń jẹ́ Torquemada nínú ìwé ìròyìn The Observer, sọ gbogbo ìbéèrè inú eré tirẹ̀ di àdììtú. Nígbà tí ó kú ní 1939, D. S. Macnutt gba ipò rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ximenes, ó sì kọ ìwé ní 1966 nípa ìlànà tí eré náà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé.

Ìlànà tí a mọ̀ mọ́ Ximenes kò ṣòro láti sọ. Nínú àdììtú tí ó dára, ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà. Èkínní ni ìtumọ̀ ìdáhùn gan-an. Èkejì ni ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kó ìdáhùn náà jọ láti inú ara ọ̀rọ̀: bóyá nípa síso ọ̀rọ̀ kéékèèké pọ̀, tàbí títún lẹ́tà tò, tàbí lílo ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ méjì. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kẹta tí kò ṣiṣẹ́. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní ojú kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí olùtú fi ń mọ̀ pé òun ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní ìdáhùn.

Níbi yìí ni àlọ́ àpamọ̀ àti àdììtú Gẹ̀ẹ́sì ti bá ara wọn tan, tí wọ́n sì ti yàtọ̀. Àwọn méjèèjì ń fi ojú kan hàn láti fi òmíràn pa mọ́. Ṣùgbọ́n àlọ́ fàyè gba ọ̀ṣọ́ bí ‘tindí tindí’, nítorí pé ẹnu ni a fi ń pa á, etí ni a sì fi ń gbọ́ ọ. Àdììtú inú àpótí wà fún ojú, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ṣahun. Títún lẹ́tà tò, tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò bá Yorùbá lára mu tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a bá ti da lẹ́tà rú, ohùn kò ní ibùdó mọ́. Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀nà tirẹ̀.

Àdììtú mẹ́ta ní èdè Yorùbá

Àwọn àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀ lé e yìí ni a hun fún àpilẹ̀kọ yìí ní ìlànà Ximenes.

Èkínní: Òwú kò le, oòrùn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Bí òwú kò bá le, ó rọ̀ ni. Òwú + rọ̀ = òwúrọ̀. Ìdajì kejì sọ ìtumọ̀ rẹ̀: àkókò tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ohùn ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí ‘òwú rọ̀’. Òun náà ni ó wà lórí ‘òwúrọ̀’. Èyí kò sọ pé ara òwú ni a ti fa orúkọ òwúrọ̀ yọ. Eré ni, kì í ṣe ìtàn ọ̀rọ̀.

Èkejì: Ilẹ̀ ń ráhùn, àlejò kàn án kí ó tó wọlé.

Ẹni tí ó ń ráhùn ń kùn. Ilẹ̀ + kùn = ilẹ̀kùn, èyí tí àlejò ń kàn. Ohun tí ó fẹ́ tan olùtú jẹ ni pé yóò máa rò pé ilẹ̀ ni àlejò kàn.

Ẹ̀kẹta: Bí ohùn ọkọ bá lọ sókè, a fi ro oko, bí ó bá wálẹ̀, a fi la odò kọjá.

Ọkọ ìyàwó tí ń pariwo ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ohùn tí a ń wí ni ohùn tí ó wà lórí fáwẹ̀lì. Gbé ohùn ìparí ‘ọkọ’ sókè, yóò di ọkọ́. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yóò di ọkọ̀. Irú àdììtú yìí kò ṣeé ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ohùn kì í ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn níbẹ̀. Àwọn èdè olóhùn ni ó ni ín.

Àpẹẹrẹ kẹta yìí ni ó gbé ìṣòro tí ó wà nínú títo kírọ́sìwọ́ọ̀dù Yorùbá síta. Álífábẹ́ẹ̀tì wa ní lẹ́tà 25. ‘Gb’ jẹ́ lẹ́tà kan, nítorí náà ojú àpótí kan ni ó yẹ kí ó gbà. ‘Ẹ’ kì í ṣe ‘e’, ‘ṣ’ kì í sì í ṣe ‘s’. Èyí kò le. Ti ohùn ni ó le. Bí ọ̀rọ̀ ìbú bá fi ‘á’ sí ojú àpótí kan, tí ọ̀rọ̀ òòró sì nílò ‘à’ níbẹ̀, èwo ni kí a kọ? Àwọn Faransé kì í ka àmì orí lẹ́tà sí nínú àpótí tiwọn, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí àwa bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan ṣoṣo, igba, igbá àti ìgbà yóò sì dàpọ̀. Ìlànà tí ó bá èdè wa mu ni pé kí ohùn bára mu níbi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ti pàdé. Èyí yóò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ẹni tí ń to eré náà, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ ẹ̀rí kẹta fún ẹni tí ń tú u.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún fún títú àdììtú

Láti inú àwọn àpẹẹrẹ òkè yìí, a lè fa ìlànà yọ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè lò. A ó fi àlọ́ tuntun kan dán an wò, èyí tí a pa nípa ìlú Lọ́kọ́ja:

Ẹni méjì pàdé ní Lọ́kọ́ja, wọn kò kí ara wọn. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n jọ ń jẹ́ títí dé òkun.

Èkínní, kí a ka ọ̀rọ̀ náà sókè pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí ó pé. Ẹni tí ó bá ka ‘òkun’ bí ‘okùn’ yóò máa wá ohun tí a fi ń di ẹrù.

Èkejì, kí a wá ibi tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì pàdé, wọn kò kí ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní ojúde ọba, ẹni tí kì í kí ènìyàn kò ní jẹ́ ènìyàn. Ohun méjì ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta, kí a wá ọ̀rọ̀ tí ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. ‘Pàdé’ jẹ́ ti ènìyàn, ó tún jẹ́ ti ọ̀nà àti ti odò.

Ẹ̀kẹrin, kí a ya ọ̀rọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ṣọ́. Nínú àlọ́ yìí, ‘Lọ́kọ́ja’ àti ‘òkun’ ń tọ́ka sí ibi tí ó dájú. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí a gbé ìdáhùn náà kọjá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a sì ṣàlàyé rẹ̀ sókè. Odò Ọya àti odò Bẹ́núé ni. Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti pàdé. Láti ibẹ̀ lọ, a kì í gbọ́ orúkọ Bẹ́núé mọ́. Ọya ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ títí wọn yóò fi wọ òkun. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí a padà sí àlọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun. Òjò ni ìdáhùn tí a jogún. Bí ọmọ kan bá dáhùn pé èéfín ni, a lè bi í léèrè bóyá èéfín máa ń wà ní tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé òkè; òun fúnra rẹ̀ yóò rí i pé ó ń fẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mìíràn bá ní ìtànṣán oòrùn ni, tí ó sì tọ́ka sí i bí ó ti gba inú ihò òrùlé wọlé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kanlẹ̀, òkè ni ó sì ti wá. Olùkọ́ tí ó kàn sọ pé ‘rárá, òjò ni’ ti fi ìwé lu ọpọlọ ọmọ náà mọ́lẹ̀. Èyí tí ó gbọ́n yóò sọ fún un pé ìdáhùn rẹ̀ dúró, yóò sì sọ fún un pé òjò ni àwọn baba ńlá wa fi mọ̀ ọ́n. Àlọ́ fàyè gba irú àríyànjiyàn báyìí, ohun tí àdììtú inú àpótí kò lè gbà, nítorí pé iye lẹ́tà ti dè é mọ́lẹ̀.

Lọ́kọ́ja àti ọjọ́ iwájú àlọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan Lọ́kọ́ja ní ọ̀nà àrà ọ̀tọ̀. Ní 1841, Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí ó bá ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Ọya dé agbègbè yìí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìyẹn 1843, ni ìwé rẹ̀ tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde. Ìlú ìpàdé odò yìí jẹ́ ìlú ìpàdé èdè pẹ̀lú. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí ẹ̀ka èdè wọn jẹ́ ti Yorùbá, ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Nupe, Hausa, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Bassa. Àwọn Owé, Ìjùmú, Yàgbà àti Búnú pẹ̀lú wà níbẹ̀, pàápàá láti 1991 tí Lọ́kọ́ja ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọmọ tí ó dàgbà sí irú ìlú báyìí lè mọ tìróò dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ‘kwalli’ ti àwọn Hausa ni orúkọ tí ó mọ̀ ọ́n sí. Ó lè máa sọ ẹ̀ka èdè nílé tí ó ní orúkọ mìíràn fún ohun tí àlọ́ inú ìwé dárúkọ. Bí àlọ́ bá dúró lórí ìró ọ̀rọ̀ kan, ìró náà lè má sí nínú ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Bí ó bá kùnà, àìgbọ́n kọ́ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi so àlọ́ náà ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàyé ni yóò fi í lé e lọ́wọ́. Àlàyé kan náà ni yóò sì jẹ́ kí ó mọ bí òun náà ṣe lè pa àlọ́ láti inú ẹ̀ka èdè òun.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà fún àwọn tí ń tú orúkọ ìlú. Oríṣiríṣi ìtàn ni a ń gbọ́ nípa ibi tí orúkọ Lọ́kọ́ja ti wá, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ń pín orúkọ náà sí wẹ́wẹ́ ní èdè tirẹ̀. Ìró nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn wọ̀nyí gbára lé. Ẹni tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń tú àdììtú yóò béèrè ìdajì kejì: ìró ti bára mu, ẹ̀rí wo ló tún tọ́ka síbẹ̀? Bí ‘òwú rọ̀’ kò ti jẹ́ orísun òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pípín orúkọ ìlú kò tó láti jẹ́ ìtàn rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé ni a ti lè gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀wọ́rọ̀, ní Kábbà tàbí ní Ọ̀yọ́, kò gbọdọ̀ dúró lórí ìbéèrè àti ìdáhùn. Kí ó béèrè ọ̀rọ̀ tí ó gbé àlọ́ náà ró, kí ó kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí a ti pè é ní ẹ̀ka èdè náà, kí ó ṣàlàyé ohun èlò tí ọmọ òde òní kò mọ̀, kí ó sì kọ ìdáhùn mìíràn tí àwọn àgbà gbà láàyè. Olùkọ́ tí ó bá ń bi àlọ́ nínú ìdánwò pẹ̀lú, kí ó pín máàkì sí méjì: díẹ̀ fún ìdáhùn, púpọ̀ fún ẹ̀rí.